Ilé Ọtí Ìkọ̀kọ̀, Láńjì àbí Bíà Pálọ̀: Èwo Ló Yẹ Yín l'Ékòó?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n júwe ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ kan fún òun ní Victoria Island tàbí Ìkòyí, iye tó wà lápò rẹ̀ kọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè. Mo máa ń bi í pé ta ló ń bá a lọ. Ìdáhùn yẹn ló ń yanjú ìdajì ọ̀rọ̀. Èèyàn méjì tó fẹ́ jókòó sọ ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, ibẹ̀ dára fún wọn. Èèyàn mẹ́jọ tó fẹ́ rẹ́rìn-ín sókè, tó fẹ́ jẹ àsun, tó sì fẹ́ kí DJ pe orúkọ wọn, kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú ara wọn débẹ̀. Owó á tán, ara ò sì ní yá.

Ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ tí mò ń wí yìí kì í ní pátákó lójú títì. Ẹ lè gba inú ilé oúnjẹ kan kọjá kí ẹ tó mọ̀ pé pẹpẹ ìwé tó wà lẹ́yìn yẹn, ilẹ̀kùn ni. Ó sì lè jẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé lẹ máa gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù, kí mẹgádì tó jókòó sídìí rẹ̀ bi yín pé ta lẹ wá rí. Àwọn mìíràn á fi ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tí ẹ bá wọlé tán, yàrá náà kì í tóbi, iná rẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ jù, kọkitéèlì, ìyẹn ọtí tí wọ́n po pọ̀ sínú ife, ni wọ́n sì ń tà, wọn kì í fẹ́ ta odindi ìgò. Láńjì ni ibi tí wọ́n ti ń gbé odindi ìgò wá pẹ̀lú iná tó ń tan wìnwìn lórí rẹ̀, kí gbogbo ilé lè mọ ẹni tó rà á. Bíà pálọ̀ ní tiẹ̀ ò nílò àlàyé fún ọmọ Èkó kankan.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ àṣà ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ di olókìkí, kì í sì í ṣe fàájì ló sún wọn débẹ̀. Láti Oṣù Kìíní ọdún 1920 títí di Oṣù Kejìlá ọdún 1933, òfin ilẹ̀ wọn ka ọtí títà léèwọ̀, làwọn ará New York àti Chicago bá ń tà á nínú àjà ilẹ̀ àti lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Púpọ̀ nínú ọtí ìgbà náà kò dára, torí náà wọ́n ń fi oyin, omi èso àti ṣúgà bo ìtọ́wò burúkú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ ìbòmọ́lẹ̀ yìí láìpẹ́.

Àwa náà kúkú ní tiwa. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ogógóró lohun tí òfin dè. Owó ibodè orí ọtí òyìnbó wà lára ohun tó ń bọ́ ìjọba, wọn ò sì fẹ́ kí ọtí tí wọ́n sè láti inú ẹmu ògùrọ̀ bá a du ọjà. Àwọn tó ń sè é gbé ìkòkò wọn wọ inú igbó ẹlẹ́rẹ̀. Àwọn tó ń mu ún mọ ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń gbà wọlé. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń lé ẹni tó ń mu kọkitéèlì Negroni ní Ìkòyí. Ilẹ̀kùn tó fara sin ti di eré, eré náà sì lówó lórí. Ohun tí mo fi ń dá irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ nìyí: ká ní ilẹ̀kùn yìí wà lójú títì gbangba, tó ní pátákó àti iná aláwọ̀ mèremère, ṣé èèyàn á ṣì fẹ́ wọlé? Ilé tí wọ́n ti mọ ọtí í pò, tí kò sì sí ariwo, á yege ìdánwò yẹn. Ilé tó jẹ́ pé pẹpẹ ìwé nìkan ló ní, ẹ ya fọ́tò yín níbẹ̀ kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ohun tó wà nínú ife

Ibí ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù. Ní bíà pálọ̀, ohun tẹ́ ẹ bá pè ni wọ́n máa gbé wá: Star tó ti wà l'Ékòó láti ọdún 1949, Gulder, Guinness, Trophy ọmọ Iléṣà. Ó tutù àbí kò tutù, ẹjọ́ ibẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé ọtí ìkọ̀kọ̀, ọwọ́ ẹni tó ń po ọtí lẹ ń sanwó fún, torí náà ẹ dán ọwọ́ náà wò kí ẹ tó náwó ńlá.

Ẹ má fi èyí tó gùn jù nínú mẹ́nù bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè Daiquiri: rọ́ọ̀mù, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà, ó parí. Àṣìṣe ò níbi tó máa sá sí nínú ọtí tí nǹkan mẹ́ta péré wà nínú rẹ̀. Bó bá dùn bí omi kandí, àbí tó kan débi tí ojú yín fi ṣẹ́, èyí tó ní èso mẹ́fà nínú ò ní sàn jù ú lọ. Ẹ wo ọwọ́ bàténdà náà pẹ̀lú. Ọtí tí omi ọsàn wà nínú rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń mì í pẹ̀lú yìnyín títí ara ife irin tí wọ́n fi ń mì í á fi lọ́rinrin. Èyí tó jẹ́ ọtí nìkan, bíi Old Fashioned tàbí Negroni, ṣíbí ni wọ́n fi ń rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ń mi Negroni jìgìjìgì níwájú yín ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Yìnyín náà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Èyí tó tóbi, tó dì gírígírí, kì í tètè yọ́, ọtí yín á dúró bó ṣe wà. Wẹ́wẹ́ tó ti yọ́ díẹ̀ nígbà tí NEPA mú iná lọ, tó tún dì pa pọ̀ nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, á ti sọ ife yín di omi kí ẹ tó mu ún dé ìdajì. (Mo mọ̀ pé NEPA ti yí orúkọ padà tipẹ́. Ẹ jẹ́ á máa bọ̀.)

Ohun tó ń fà mí sí ilé ọtí tó dáa l'Ékòó ni pé àwọn ọmọ tó ń po ọtí níbẹ̀ ti ń wo ọjà wa. Ẹ máa rí ìṣápá pupa tí wọ́n sè bíi sóbò tí wọ́n dà sínú jínnì, ẹ máa rí àwìn, ataare, ewé ẹfinrin tí wọ́n fi ọwọ́ pa kó lè ta sánsán. Àgbálùmọ̀ máa ń mú kí rọ́ọ̀mù ní adùn kíkan tí ọsàn wẹ́wẹ́ ò lè fún un. Ṣùgbọ́n Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹrin ni àgbálùmọ̀ ń wà lórí àtẹ. Bí wọ́n bá gbé e síwájú yín nínú Oṣù Kẹjọ, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹmu kì í rọrùn fún wọn ní tiẹ̀, torí kì í dúró lójú kan: èyí tó dùn láàárọ̀ á ti kan lálẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹmu gidi, kó wá ẹlẹ́mu lọ sí ìdí ẹmu.

Bàténdà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kó dùn ni, àbí kó korò?" Ẹ fún un lésì tó ní láárí: ẹ sọ ọtí tí ẹ máa ń mu nílé, ẹ sọ bóyá ata ń bá yín lára mu. Ẹni tó bá dáhùn pé "èyíkéyìí" á rí èyíkéyìí gbà.

Ọ̀rọ̀ agbára ọtí wá kù, èyí tí ife kékeré fi ń tan èèyàn jẹ. Ìgò ńlá bíà 60cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% ní nǹkan bíi mílílítà 30 ọtí gan-an nínú. Negroni jẹ́ mílílítà 30 jínnì, 30 Campari, àti 30 vermouth tó dùn, ìyẹn wáìnì tí wọ́n fi ewé àti egbò sí. Tẹ́ ẹ bá ṣírò agbára wọn pọ̀, ó máa tó mílílítà 24. Ìyẹn ni pé ife tí ẹ lè mu tán nígbà mẹ́fà tí ẹ bá gbé e sẹ́nu kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí odindi ìgò ńlá kan. Ìgò yẹn, wákàtí kan ni púpọ̀ nínú wa fi ń bá a ṣeré pẹ̀lú pẹpẹsúùpù. Ẹni tó bá ń mu ìgò mẹ́ta ní Sùúrùlérè láìyẹsẹ̀, kó má rò pé Negroni mẹ́rin nínú wákàtí kan ò ní ṣe òun ní nǹkan.

Ibi tí bíà pálọ̀ ti borí pátápátá ni pé ojú yín ni wọ́n ti ń ṣí ìgò. Ayédèrú ọtí líle kún ìgboro, NAFDAC ò sì yé ká àwọn tó ń pò ó mọ́. Ní ọdún 2015, ogógóró tí mẹtanọ́ọ̀lù, kẹ́míkà olóró kan, wọ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òndó àti ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ẹ rántí ohun tí mo wí nípa oyin àti omi èso: kọkitéèlì lè bo ọtí burúkú mọ́lẹ̀ lónìí bó ṣe bò ó mọ́lẹ̀ ní New York nígbà náà. Torí náà, ibi àga gíga tó wà níwájú káńtà lẹ máa jókòó, kí ẹ rí ìgò tí wọ́n ń dà látinú rẹ̀. Obìnrin tó bá dá lọ, ibẹ̀ náà ló dára fún un jù: ọwọ́ ẹni tó pò ó ló ti máa gba ife rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń po ọtí lẹ́yìn aṣọ títa, tí wọ́n kàn ń gbé e jáde, mi ò lè bá yín dúró fún un.

Owó

Iye tó wà lórí mẹ́nù kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Ẹ jẹ́ ká mú ₦15,000 fún ife kan, kí ìṣirò lè rọrùn. VAT jẹ́ 7.5% láti ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ ilé á fi 5% tí Ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lórí jíjẹ àti mímu kún un, wọ́n á tún fi 10% tiwọn sí i fún iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ife náà ti di ₦18,375 nìyẹn. Èèyàn méjì tó mu méjì-méjì á san ₦73,500, wọn ò sì tíì fún ẹni tó ṣílẹ̀kùn ní kọ́bọ̀, wọn ò tíì wọ ọkọ̀. Àwọn ilé kan ti kó gbogbo rẹ̀ sínú iye orí mẹ́nù, àwọn kan ò kó o. Ìsàlẹ̀ mẹ́nù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà tíntìntín, nínú iná tí kò mọ́lẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ san àsansílẹ̀ kí wọ́n tó fi àyè pamọ́ fún yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó ọtí. Ẹ béèrè bóyá iye kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ná. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Láńjì máa ń hàn bí ẹni pé òun ló wọ́n jù, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Èèyàn mẹ́fà tó dá owó ra ìgò kan lè náwó kéré sí èèyàn mẹ́fà tó ń mu kọkitéèlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àléébù ibẹ̀ ni pé tábìlì kejì lè ra ìgò mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú yín sì wá rò pé àbùkù ti kan òun. Ní bíà pálọ̀, ìgò tó ṣófo ni ìwé ìṣirò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o kúrò lábẹ́ tábìlì kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ò gùn. Kò sí nǹkan gidi láti jẹ ní púpọ̀ nínú àwọn ilé ọtí ìkọ̀kọ̀. Abọ́ kékeré, ẹran mẹ́ta, ewé kan lórí. Ẹ jẹun nílé, tàbí kí ẹ ya súyà Ọbáléndé tí ẹ bá ń padà bọ̀. Bí àsun, pẹpẹsúùpù ewúrẹ́ àti ẹja tútù tó ṣì ń jà nínú omi lẹ bá ń fẹ́, ọ̀nà bíà pálọ̀ lẹ mọ̀.

Ẹni tí kì í mu ọtí ńkọ́? Ẹ má fi í sílẹ̀ nílé. Chapman wà níbi gbogbo: Fanta, Sprite, omi èso pupa, kùkúḿbà, àti ẹ̀kán Angostura díẹ̀. Ẹ̀kán yẹn ló yẹ kí Mùsùlùmí àti ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, torí agbára Angostura jẹ́ 44.7%, ó ju ti ọ̀pọ̀ wisikí lọ. Bó ti wù kí ẹ̀kán náà kéré tó, ẹni tí kò fẹ́ ẹ rárá lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bàténdà ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ á lóye yín lójú ẹsẹ̀, á sì fi ìṣápá àti atalẹ̀ po nǹkan mìíràn tó ládùn. Ní láńjì, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa pariwo rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́.

Island àbí Mainland

Orí Island ni ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ pọ̀ sí. Èyí tó wà ní Ìkẹjà GRA àti Yábà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìwà ibẹ̀. Ní Victoria Island, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á kọ́kọ́ fi kí yín, ojú á sì lọ sí bàtà yín. Ní Mainland, ẹ lè gbọ́ "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ mà" lẹ́nu ọ̀nà, kí bàténdà sì jókòó ti ọ̀rọ̀ yín tí èrò ò bá pọ̀. Tí ọwọ́ bá dọ́gba, mo máa yan Ìkẹjà.

Ọ̀nà ilé ló sì máa ń pàṣẹ níkẹyìn. Ẹni tó ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìkòròdú gbọ́dọ̀ ronú nípa Third Mainland, kìlómítà 11.8 lórí omi, kó tó gbé ife kẹta. Ọkadà ò sí níbẹ̀ láti ran yín lọ́wọ́: láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti lé e kúrò ní Eti-Ọ̀sà, Lagos Island, Lagos Mainland, Ìkẹjà, Sùúrùlérè àti Apápá. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó ń ná Marina sí Mile 2 dára lójú mọmọ, ṣùgbọ́n kì í bá èèyàn ṣe àìsùn. Bolt, Uber tàbí inDrive ló kù, owó wọn lóru ọjọ́ Ẹtì sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọtí tí ẹ mu. Ẹ kó o mọ́ ìṣirò kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ má fúnra yín wakọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fi í ro ilé ọtí ìkọ̀kọ̀. Yàrá tó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ilẹ̀kùn náà pamọ́, tí àbẹ́là ń jó lórí gbogbo tábìlì: níbo ni èrò máa gbà jáde bí iná bá sọ? Ẹ béèrè ọ̀nà kejì lọ́wọ́ ẹni tó mú yín wọlé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ padà sẹ́yìn. Bíà pálọ̀ tí kò ní ògiri ò ní irú wàhálà yìí.

Fún ẹni tí kò fẹ́ dé ìpẹ̀kun méjèèjì, mo máa ń dárúkọ Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Láti ọdún 2010 ló ti di ibi ìgbádùn. Atẹ́gùn ń fẹ́, orin máa ń wà lálẹ́, ọtí tutù, ọ̀rọ̀ sì ṣeé sọ. Inú mi máa ń dùn pé ilẹ̀ tí ìjọba tó dè ogógóró ti ń ti èèyàn mọ́lé ti wá di ibi tá a ti ń mutí ní gbangba. Fún ọ̀wọ́ èèyàn mẹ́jọ tí mo ní kí wọ́n má dé ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ ńkọ́, New Afrika Shrine wà ní Ìkẹjà láti ọdún 2000. Ariwo ibẹ̀ ní ìlù àti fèrè nínú, kò sì sẹ́ni tó máa wo bàtà wọn.

Ìgbà tí ẹ máa lọ kù. Nínú Oṣù Kejìlá, tí àwọn ọmọ wa bá ti dé láti London àti Houston, iye tí ẹ gbọ́dọ̀ ná máa ń lọ sókè, yàrá èèyàn ogún á gba ogójì, bàténdà tó yẹ kó bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ò ní ráyè gbé ojú sókè. Láńjì tàbí Shrine lẹ máa lọ nígbà yẹn. Ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ máa ń dára jù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nínú Oṣù Kẹfà tàbí Keje, tí owó ò tíì wọ̀lú. Ṣùgbọ́n òjò ìgbà yẹn lè sọ títì Victoria Island di odò láàárín wákàtí kan, torí náà ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra, kí ẹ bi wọ́n bóyá ọkọ̀ lè dé ẹnu ọ̀nà.